Ọdún Tí Mo Fi Ń Wa Ọkọ̀ Òfìfo Lọ sí Èkó

Ajah,
Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Ràfíátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ bí mo ṣe ń ti mọ́sálásí bọ̀. Mo kà á lójú ọ̀nà, mo tún kà á nígbà tí mo délé. Ìyá rẹ ní kí n ka ibi tó kan òun sókè, mo sì kà á fún un. Ara rẹ̀ yá, ó ní kí n kí ọ. Ara tèmi náà kò burú, àfi èjìká ọ̀tún tí kò jẹ́ kí n gbé ọwọ́ ga mọ́, àti pé ó ń rẹ̀ mí. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo máa ń jí pẹ̀lú àárẹ̀ báyìí, bí ẹni tí kò sùn rárá. Bí o bá rí i pé ìkọ̀wé mi dára níbì kan tó tún ń wọ́ nílẹ̀ níbòmíràn, kó má ṣe yà ọ́ lẹ́nu. Mi ò ní lè kọ lẹ́tà yìí tán lọ́jọ́ kan.

O ní ọkọ rẹ ń tọ́jú rẹ dáadáa ní Ìjẹ̀bú-Òde. A dúpẹ́. O ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tí ẹ gbà lẹ́bàá ọjà kò rí oníbàárà. Lẹ́yìn náà lo wá kọ ọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà: "Bàbá, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wá, ìgbà tó bá wù mí ni mò ń ṣí i. Ọjọ́ mìíràn mi ò tiẹ̀ lọ."

Mi ò bínú sí ọ. Irú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tèmi, ó sì kù díẹ̀ kó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Ẹni tí kì í pẹ́ ni o mọ̀ mí sí láti kékeré, o kò mọ bí mo ṣe dà bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ fi ìtàn náà pamọ́ kí n kàn gbà ọ́ nímọ̀ràn bí àgbà, ṣùgbọ́n ìyá rẹ kọ̀. Ó ní, "Sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Má sọ ara rẹ di ẹni rere." Nítorí náà, fara balẹ̀ kà á.

Nígbà tí bàbá mi kú, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, ọkọ̀ onípákó kan ló fi sílẹ̀ fún mi. Kò sí títì gidi láti Ajah dé Èkó nígbà náà. Ẹni tó bá ní edé, ẹja, àgbọn tàbí gbágùúdá tó fẹ́ lọ tà ní Èkó, orí ọ̀sà ló máa gbà. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà ni bàbá mi máa ń gbé àwọn ìyá ọlọ́jà lọ, á sì gbé wọn padà wá ní ìrọ̀lẹ́. Òfin kan ṣoṣo ló ní. Bí wọ́n bá ti kírun Àsúbáà tán, tó ti ká ẹní rẹ̀, ọkọ̀ á ṣí. Bí èèyàn méjì ló wà nínú rẹ̀, á ṣí. Bí ogún ni, á ṣí. Mo rí i lọ́jọ́ kan tó gbé obìnrin kan péré àti agbọ̀n edé kan lọ sí Èkó, tó ń tukọ̀ bí ẹni tó gbé ọba sọ́kọ̀.

Lójú mi, agídí àgbà ni.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà tí ọkọ̀ di tèmi. Mo ra ẹ́ńjìnnì sí ìdí rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó ní in ní etí omi wa. Orí mi wú. Bí ọkọ̀ kò bá kún, mi ò ní ṣí. Bí òjò bá ṣú, mi ò ní jáde. Bí mo bá lọ síbi ìgbéyàwó lálẹ́, màá sùn títí oòrùn á fi wọ yàrá bá mi. Àwọn ìyá yẹn á dúró létí omi, wọ́n á ní, "Lásísì, ọmọ wa, jọ̀ọ́, ilẹ̀ ti mọ́." Èmi á dáhùn pé, "Ẹ fara balẹ̀. Ta ló tún fẹ́ gbé yín?" Ó ń dùn mọ́ mi kí àwọn tó lè bí mi máa bẹ̀ mí. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ọdún kan, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí a ṣe Iléyá. Obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sàbítíù, tó máa ń ra edé tútù lọ́wọ́ àwọn apẹja ìlú wa lọ tà ní Èkó. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ló ti kó agbọ̀n mẹ́fà jọ, nítorí ọjà ọdún. Àwọn obìnrin mẹ́jọ mìíràn náà ti ra tiwọn. Ilẹ̀ mọ́, òjò wínníwínní ń rọ̀. Mo jí, mo gbọ́ ìró rẹ̀ lórí páànù, mo sọ fún ara mi pé kò sẹ́ni tó máa jáde nínú òjò yìí. Mo tún sùn.

Oòrùn ti ga kí n tó dé etí omi. Òórùn edé náà ló kọ́kọ́ pàdé mi lójú ọ̀nà. Àwọn obìnrin yẹn wà nínú omi tó mù wọ́n dé orúnkún, wọ́n ń da edé sínú ọ̀sà, agbọ̀n kan tẹ̀ lé òmíràn. Kò sẹ́ni tó pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Mo ní, "Ẹ má bínú. Òjò ni."

Ìyá Sàbítíù ṣan agbọ̀n rẹ̀ tán, ó gbọ̀n ọ́n, ó wá wò mí. Ó ní, "Lásísì, òjò yẹn rọ̀ sí àwa náà lára."

Ó gbé agbọ̀n lérí, ó lọ sílé.

Ní ọjà tó tẹ̀ lé e, mo tètè dé. Mo ti fọ ọkọ̀, mo ti nu ibi tí wọ́n máa jókòó. Mi ò rí ẹnì kankan. Ìgbà tí mo gbójú sókè, mo rí ọkọ̀ Kàrímù, ọlọ́kọ̀ kejì ní etí omi wa, níwájú lórí omi, ó kún dẹ́nu. Kàrímù kò ní ẹ́ńjìnnì. Àjẹ̀ ni òun àti àbúrò rẹ̀ fi ń tukọ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ ń jò, àwọn èrò ló ń bá a gbọ́n omi lójú ọ̀nà, wọ́n sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dé Èkó. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ ọjà tí Kàrímù kì í lọ; lọ́jọ́ edé yẹn pàápàá, ó ti lọ kí wọ́n tó mọ̀ pé mi ò ní jáde.

Dúró níbí yìí kí o rò ó wò, ọmọ mi. Ọkọ̀ mi dára ju tirẹ̀ lọ, ó yá ju tirẹ̀ lọ, wọ́n sì yan tirẹ̀. Èmi náà rò ó títí, mi ò fẹ́ gbà á.

Mo kọ́kọ́ fi ẹnu bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Mo lọ bá wọn nílé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n gbà mí dáadáa, wọ́n fún mi lómi mu, wọ́n ní àwọn ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ ọjà dé, wọ́n wọ ọkọ̀ Kàrímù.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyá rẹ níyàwó nígbà náà. Mo jókòó sílé, mò ń sọ pé màá ta ẹ́ńjìnnì, màá lọ wá iṣẹ́ oṣù sí Èkó. Ó ń já ẹ̀fọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹnu lo fi ń bẹ̀ wọ́n. Ṣé ẹnu lo fi ṣẹ̀ wọ́n ni? Máa lọ."

Mo ní, "Kí n máa lọ síbo?"

"Sí Èkó. Bí wọ́n bá ti kírun tán, máa lọ."

"Pẹ̀lú ta ni?"

"Pẹ̀lú ọkọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ òfìfo kì í dúró dáadáa lórí omi. Imú rẹ̀ á máa lọ sókè, ìgbì á máa gbá a kiri. Mo rọ iyanrìn sínú àpò mẹ́rin, mo tò wọ́n síbi tó yẹ kí èrò jókòó sí. Àwọn ọkùnrin tó ń tún àwọ̀n ṣe létí omi sọ mí lórúkọ: Arùyanrìn. Bí mo bá ń kọjá, ọ̀kan nínú wọn á ní, "Arùyanrìn, èló ni wọ́n ń ta iyanrìn ní Èkó báyìí?" Àwọn yòókù á rẹ́rìn-ín. Màá fa okùn ẹ́ńjìnnì kí ariwo rẹ̀ lè bo tiwọn. Bí mo bá dé Èkó, màá so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, màá jókòó títí di ìrọ̀lẹ́, màá tún wà á padà. Láàárín ọjọ́ ọjà, mo ń bá àwọn olóko ká àgbọn kí n lè rí epo rà sí i.

Àárẹ̀ tó wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ju ti ara lọ. Mo mọ̀ ọ́n, nítorí náà mi ò ní sọ fún ọ pé kò nira kí o jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tí kò sẹ́ni tó ń yà sí. Èèyàn á máa bi ara rẹ̀ pé, nítorí ta ni? Mo kàn ń lọ.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ìyàwó Kàrímù bímọ, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ sì bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Kàrímù kò jáde. Àwọn obìnrin yẹn dé etí omi, èmi àti àpò iyanrìn mi nìkan ni wọ́n bá. Ìyá Sàbítíù wò mí, ó wo inú ọkọ̀. Ó ní, "Kó ìwọ̀nyí kúrò kí n rí ibi jókòó." Mo kó wọn jù sílẹ̀ kíákíá. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ìgbà tí a dé Èkó. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ mo ní, "Ìyá, ṣé ẹ ó wá lọ́jà tó ń bọ̀?"

Ó ní, "Ìwọ ńkọ́?"

Ní ọjà tó ń bọ̀ yẹn, gbogbo wọn padà sínú ọkọ̀ Kàrímù. Mo lọ kó iyanrìn mi, mo tún tò ó sínú ọkọ̀.

Ó tó oṣù márùn-ún mìíràn. Obìnrin kan wá nítorí pé ẹ̀yìn ń dùn ún, kò lè gbọ́n omi mọ́. Òmíràn wá nítorí pé ó fẹ́ tètè padà sílé bá ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Mi ò lè nawọ́ sí ọjọ́ kan kí n sọ pé ọjọ́ yìí ni wọ́n padà sọ́dọ̀ mi. Mo kàn ṣàkíyèsí ní òwúrọ̀ kan pé ó ti tó ọjà mélòó kan tí mi ò ti di iyanrìn. Ìyá Sàbítíù ló padà kẹ́yìn. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ lé ọkọ̀, ó jókòó.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ nìyí, òun sì ni àkọ́kọ́. Àwọn tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ láì wọlé ń wò ọ́. Obìnrin kan lè kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá pẹ̀lú aṣọ nínú àpò rẹ̀ kó tó ya ọ̀dọ̀ rẹ. Bó bá bá ilẹ̀kùn ní títì ní ẹ̀ẹ̀kẹwàá yẹn, o kò ní mọ̀ pé ó wá rí. Yan wákàtí tí o máa ṣí àti èyí tí o máa tì, kí o sì máa tẹ̀ lé e, yálà ó wù ọ́ tàbí kò wù ọ́. Bí kò bá sí iṣẹ́, fi àkísà kọ́ bí a ṣe ń rán irú kọ́là ọrùn aṣọ tuntun. Gbálẹ̀. Jókòó sí ojú ẹ̀rọ, kí wọ́n rí ọ níbẹ̀.

Ọwọ́ ń ro mí. Mo fẹ́ dúró díẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́. Èkejì nira fún mi láti kọ, ìdí nìyí tí mo fi sá fún un lánàá.

Lọ́dọọdún kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a fa ọkọ̀ sókè sórí iyanrìn, kí a yọ òwú àtijọ́ kúrò láàárín pákó, kí a fi òwú tuntun àti ọ̀dà dí i. Iṣẹ́ bí ọjọ́ márùn-ún ni. Kò sẹ́ni tó máa rí i, kò sẹ́ni tó máa yìn ọ́ fún un. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, èrò ti pọ̀ lọ́dọ̀ mi, mi ò fẹ́ kí ọjọ́ ọjà kan fò mí. Mo sún iṣẹ́ náà síwájú, mo tún sún un. Mo ń rí omi nísàlẹ̀ ọkọ̀ láàárọ̀, mo ní ìrì ni. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ṣùgbọ́n mo fi omi sísàlẹ̀ ọkọ̀ sùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí a ń ti Èkó bọ̀, pákó kan ṣí láàárín ọ̀sà. Èèyàn mẹ́rìnlá ló wà nínú ọkọ̀. Omi dé kókósẹ̀ wa, ó dé ojúgun. Ẹ́ńjìnnì mu omi, ó kú. Wọ́n ń fi igbá gbọ́n ọn, wọ́n ń fi abọ́ gbọ́n ọn. Ìyá Sàbítíù tú gèlè rẹ̀, ó ń kì í bọ ojú ibi tó ṣí. Wọ́n ju àpò iyọ̀ àti àpò ìrẹsì tí wọ́n rà sómi kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Mo mú àjẹ̀, mò ń tu ú sápá ibi tí mo mọ̀ pé omi kò jìn.

Ìyá rẹ wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ó lọ ra aṣọ ìkókó ní Èkó. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ. Ìwọ ni oyún náà, Àbẹ̀kẹ́. Ó jókòó sínú omi, ó ń fi abọ́ gbọ́n ọn, kò wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọlọ́run ṣàánú wa. Àjẹ̀ mi kan ilẹ̀ kí ọkọ̀ tó rì, gbogbo wa sì fi ẹsẹ̀ rìn dé èbúté láàyè. Nígbà tí a délé, ìyá rẹ bọ́ aṣọ tútù sílẹ̀, ó ní, "Ìgbà wo lo fẹ́ dí i?" Mo ní, "Lọ́la." Kò tún sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà, títí lẹ́tà rẹ fi dé ní Jímọ̀ tó kọjá.

Láti ìgbà náà, mi ò sún un síwájú mọ́. Fi òróró sí ẹ̀rọ rẹ kó tó máa ké. Pọ́n àlùmọ́gàjí rẹ. Ojú ìránṣọ tó wà nínú, tí oníbàárà kò ní yẹ̀ wò, rán an kó le bí ti òde. Bí o bá ti rí àléébù kan tó ń bẹ̀rẹ̀, má fún un lórúkọ mìíràn.

Mo rántí nǹkan kan tí mi ò fẹ́ gbàgbé. Bí o bá sọ fún oníbàárà pé Ọjọ́bọ̀, kó jẹ́ Ọjọ́bọ̀. Bí o bá rí i ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé kò ní ṣeé ṣe, ránṣẹ́ sí i ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Má dúró kó wá bá ọ lẹ́nu ọ̀nà kí o tó wá máa sọ pé iná ni, pé òjò ni. Má sì sọ̀rọ̀ aránṣọ kejì láìdáa. Mo bú Kàrímù títí lọ́dún yẹn, kò sí èrò kan tó tìtorí rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi.

Ẹ̀kẹta. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ṣí yẹn dẹ́rù bà mí débi tí mo fi ṣe àṣejù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò mọ ìsinmi. Ọjọ́ ọjà mo wà lórí omi, ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà mo wà lórí omi. Wàá rántí ọjọ́ wòlímọ̀ rẹ. Wọ́n ní o wọ aṣọ funfun, o ka Kùránì níwájú gbogbo àdúgbò, ohùn rẹ kò gbọ̀n. Mò ń gbé àgbọn ẹlòmíràn lọ sí Èkó ní àsìkò yẹn. Nígbà tí mo dé, o bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ohùn mi?" Mo ní mo gbọ́ ọ láti orí ọ̀sà. O rẹ́rìn-ín, o gbà mí gbọ́.

Irọ́ ni mo pa. Ariwo ẹ́ńjìnnì ni mo gbọ́. Jọ̀ọ́, foríjì mí.

Nítorí náà, bí mo ṣe ní kí o máa ṣí ṣọ́ọ̀bù, mi ò ní kí o máa sùn síbẹ̀. Mú ọjọ́ kan fún ìsinmi, kí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n, kí o sì pa á mọ́ bí o ṣe ń pa ọjọ́ iṣẹ́ mọ́. Ọkọ rẹ ń bẹ, àwọn ọmọ yóò dé bí Ọlọ́run bá fẹ́. Wọn kò ní máa dúró dè ọ́ títí.

O lè bi mí pé, kí ni mo rí nídìí gbogbo rẹ̀? Mi ò di olówó, ìwọ náà mọ̀. Mo fi kọ́ yàrá mẹ́rin, mo fi rán ọ níléèwé. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Mi ò fẹ́ ṣèlérí fún ọ ju ohun tí mo rí lọ.

Ó ku ìròyìn kan. Títì ti dé ọ̀dọ̀ wa dáadáa báyìí, bọ́ọ̀sì ń gbé èèyàn láti Ajah dé Èkó kí ẹ́ńjìnnì mi tó gbóná. Koríko kan tún ti bo ojú ọ̀sà, ó ń léfòó, ó ń lọ́ mọ́ ìdí ẹ́ńjìnnì, mo sì ní láti máa tẹ̀ ba kí n fi ọ̀bẹ gé e kúrò. Èjìká mi kò gbà á mọ́. Èrò mẹ́rin ló kù fún mi, Ìyá Sàbítíù wà lára wọn. Ó ti darúgbó, ó ní èébì máa ń gbé òun nínú bọ́ọ̀sì.

Mo ti pinnu láti dáwọ́ dúró. Ó ti pé oṣù kan tí mo ti sọ fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì sọ ọjọ́ ọjà tó máa jẹ́ ìkẹyìn, kí kálukú wọn lè wá ọ̀nà mìíràn. Mo rò pé wọ́n á bẹ̀ mí. Ìyá Sàbítíù kàn mi orí, ó ní, "O ṣeun tí o sọ fún wa."

Àbẹ̀kẹ́, mo jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ ìkẹyìn náà bọ́ sí Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Mo mọ̀ ọ́, wàá fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù kí o wá dúró tì mí létí omi. Má wá. Ẹnì kan lè ya ọ̀dọ̀ rẹ ní Ọjọ́rú. Wá ní ọjọ́ ìsinmi rẹ. Nígbàkúùgbà tó bá jẹ́, wàá bá mi nílé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Lásísì.